Ẹkún wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn Penta: bí ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ ṣe lọ

Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni, díẹ̀ ló kù kí n má gbé e, nígbà tí mo gbé e, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe "ẹ káalẹ́", ẹkún ọmọ ni. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ẹkún ju ẹkún lọ, ẹkún ebi wà, ẹkún oorun wà, èyí tí mo gbọ́ yìí ga, ó sì dúró lójú kan bíi fèrè tí wọn ò gbé kúrò lẹ́nu. Ìgbà tó yá ni ohùn ọkùnrin wọlé: "Ẹ má bínú mà, ṣé ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì tó gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́ láàárọ̀? Láti bí aago márùn-ún àbọ̀ ló ti ń ké o, kò dákẹ́, kò gba ọmú, itan ẹ̀ ti wú."

Èmi ni mo gún un. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ibi tí mo ti ṣe dáadáa àti ibi tí mi ò ti ṣe dáadáa, torí àwa tá à ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ n'Íbàdàn níbí, irú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu wa tá a bá jókòó sídìí oúnjẹ ọ̀sán, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mo ti pa orúkọ ọmọ dà, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àdùkẹ́, mi ò sì ní dárúkọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wa. Agboolé wọn wà lẹ́yìn Òjé, ìyẹn náà ti tó.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa. Àdùkẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 5.2 kg, kò wúkọ́, ara ẹ̀ ò gbóná, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ti kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ara ẹ̀ kàn gbóná díẹ̀ lóru ni. Penta ẹlẹ́ẹ̀kejì ló kàn (àjẹsára àrùn márùn-ún nínú ìgò kan: difitíríà, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ àhúbì, hẹpatáítìsì B àti Hib, kòkòrò tó ń fa mẹ̀níńjáítìsì àti òtútù àyà), pẹ̀lú PCV, àjẹsára òtútù àyà, àti èyí tá a máa ń kán sẹ́nu. Penta lọ sí itan òsì, PCV lọ sí itan ọ̀tún. Àwọn ìyá míì máa ń rò pé torí kí ìrora lè dọ́gba ni, rárá o, kí ẹjọ́ má baà dà pọ̀ ni. Tí itan òsì bá wú, a ti mọ ẹni tá a máa bi.

Ní bí aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń kọrin, a máa ń pàtẹ́wọ́, a sì máa ń sọ fáwọn ìyá pé ara ọmọ lè gbóná, itan lè le kó sì wú, ọmọ lè máa ké, kí wọ́n má fi òrí pa á, kí wọ́n má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àdùkẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ pàtẹ ata ẹ̀, aago mọ́kànlá ló tó dé, ìlà ṣì gùn, ọwọ́ mi kún, ooru Oṣù Kẹta ń mú, iná ò sí. Mo gún ọmọ ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo kọ ọjọ́ míì sínú káàdì. Ó bi mí pé, "Antí Nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan kan?" Mo ní, "Kò ní ṣe é ní nǹkan kan jàre, ẹ máa bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin." Mo pe ẹni tó kàn.

Gbólóhùn yẹn ló jẹ mí níyà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù. Mo bi bàbá ọmọ, ṣé gìrì mú un? Rárá. Ṣé ó ń mí dáadáa, ètè ẹ̀ ò dúdú? Ó ń mí. Ṣé ara ẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀, ṣé ó ń wò yín lójú? Ó ń wò wá, ó ń jàn-án ẹsẹ̀. Ṣé ara ẹ̀ sú? Rárá. Ṣé ẹ fún un ní oògùn ibà tí a kọ sínú káàdì? Wọn ò fún un, Màmá àgbà ní kò sóhun tó ń jẹ́ oògùn òyìnbó lórí oògùn òyìnbó, wọ́n ti ní kí wọ́n lọ gbé àgbo gìrì wá. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún un lágbo, ẹ bọ́ aṣọ lára ẹ̀, ẹ fún un ní oògùn ibà yẹn bí mo ṣe kọ iye ẹ̀, tí gìrì bá mú un tàbí tí ara ẹ̀ bá rọ̀, tàbí tí kò bá mí dáadáa, ẹ má pè mí o, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ. Bá a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹkún dá. Ó dá lójijì, bí ẹni pa rédíò. Kí n má parọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn já mi láyà ju ẹkún lọ, torí ó wà nínú ohun tí abẹ́rẹ́ yìí lè fà, kò wọ́pọ̀, kí ọmọ kàn rọ, kó funfun, kó má dáhùn. Mo ń pariwo lórí fóònù pé ẹ gbé iná sí i lójú, ẹ fọwọ́ kan àyà ẹ̀. Ohùn ìyá ẹ̀ ni mo wá gbọ́ lọ́ọ̀ọ́kán: "Ó ti gba ọmú."

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo mú tẹmọ́mítà àti rúlà dání. Màmá àgbà ló jókòó síta. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, wọn ò dáhùn, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, sé o fẹ́ẹ́ pa ọmọ mi ni?" (Ọmọ Ìbàdàn gidi ni Màmá, "ṣ" ò sí lẹ́nu wọn rárá, inú ìbẹ̀rù yẹn náà mo fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín.) Mo ní Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n rí ọmọ.

Ara Àdùkẹ́ gbóná, 38.1. Ó ń mu ọmú, ojú ẹ̀ dá ṣáká, ó rí mi ó tún bú sẹ́kún díẹ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn torí ẹkún gidi ni. Itan ọ̀tún ò ní nǹkan kan. Itan òsì wú, ó le, ó ń dán, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, 4 cm. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ níbí: ìwé tí wọ́n fún wa ní ká wò ó bóyá ojú abẹ́rẹ́ pupa. Ẹ wo ọmọ dúdú bíi kóró iṣin, ibo lẹ ti fẹ́ rí pupa? Ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ máa fi kàn án, ẹ ó fi wé itan kejì, èyí tó bá ń jó yín lọ́wọ́ lẹ máa wọ̀n. Òrí sì ti wà lójú ẹ̀ dáadáa, Màmá ti pa á.

Dókítà kan ní ọsibítù ńlá wò ó lọ́jọ́ yẹn, wọn ò dá a dúró. Ọjọ́ Ẹtì ibà ti lọ, 37.2. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wíwú ti di 2 cm. Ó ku kókó kékeré kan lábẹ́ awọ tó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tú. Lára ọmọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ bá ké ju wákàtí mẹ́ta lọ láìdákẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ wọ fọ́ọ̀mù, ká sì wádìí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wa béèrè ni ìgò. Penta tiwa, ọmọ mẹ́wàá ló ń gba ti ìgò kan, àwọn mẹ́sàn-án wo ló bá Àdùkẹ́ jẹ níbẹ̀? Mo ṣí rẹ́jísítà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Méje gbé fóònù. Mẹ́ta ní ara ọmọ àwọn gbóná lóru yẹn, ilẹ̀ mọ́ ó ti lọ, ọ̀kan ní ọmọ òun sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó kù ní kò sí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ké bíi ti Àdùkẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìgò yẹn ló ní kòkòrò nínú, tàbí pé èmi ni mo fi ọwọ́ ìdọ̀tí kàn án, kì í ṣe ọmọ kan ló máa fara gbá a. Ojú ìlẹ̀mọ́ ara ìgò, èyí tó máa ń dúdú tí ooru bá mú un, onígun mẹ́rin àárín ẹ̀ ṣì funfun ju òbìrí tó yí i ká lọ, ìyẹn ni pé ooru ò tíì bà á jẹ́.

Ooru ò bà á jẹ́, òtútù ńkọ́? Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Penta ò fẹ́ kó dì. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀, alum, òun ló ń gbé oògùn náà dúró lára tí ara fi ń rí i dáadáa, tó bá ti dì rí, alum yẹn á dì mọ́ra wọn, agbára oògùn á lọ sílẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ sì lè wú ju bó ṣe yẹ lọ. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí, àti yìnyín tí a ń tò sínú kúlà, ó rọrùn kí ìgò kan fara kan yìnyín. Ọ̀gá wa bá gba àṣẹ, wọ́n mú ìgò kan nínú páálí kan náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tì í sínú fírísà mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì nígbà tó yọ́, wọ́n mú un dání pẹ̀lú ọ̀kan nínú èyí tó kù, wọ́n mì í pọ̀, wọ́n gbé méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí tó ti dì, kò pẹ́ rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi gaàrí tí omi pọ̀ lórí ẹ̀, ìsàlẹ̀ funfun, òkè dá. Tiwa ṣì rí kùrukùru bíi omi ògì, kò já sísàlẹ̀. Oògùn náà ò dì rí. Ohun tí a wá kọ sínú fọ́ọ̀mù ni pé abẹ́rẹ́ náà fúnra ẹ̀ ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó gún un, kì í ṣe ìgò tó bàjẹ́, kì í sì í ṣe àìsàn míì tó kàn ṣe kòńgẹ́ ẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀, torí bàbá ọmọ pè mí lọ́jọ́ Sátidé, ó ní ká wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, pé ìdílé ti pinnu, Àdùkẹ́ ò ní gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Mo bá gbogbo wọn nílé. Bàbá Àdùkẹ́ ti múra ẹjọ́ sílẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe Nàìjíríà níbí náà ni wọ́n ti fi ọmọ wa dán oògùn wò ní Kánò? Mo ní òótọ́ ni, 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer, oògùn Trovan, igba ọmọ, mọ́kànlá kú, ọ̀rọ̀ nípa bóyá òbí mọ ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú mẹ̀níńjáítìsì nìyẹn o, kì í ṣe àjẹsára, àmọ́ mi ò bá a jiyàn pé kò ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó bá ní kò ṣẹlẹ̀, kò yẹ kí wọ́n gbà á gbọ́ lórí nǹkan míì. Ó ní ẹnì kan fi fóísì ránṣẹ́ sóun pé wọ́n ti dá Penta dúró lókè òkun. Ìyẹn náà ní ìdí. Sri Lanka dá a dúró ní 2008, Vietnam ní 2013, torí àwọn ọmọ kan kú lẹ́yìn ẹ̀. Fóísì yẹn kàn gé ìdajì ọ̀rọ̀ dànù ni: wọ́n wádìí, wọn ò rí i pé abẹ́rẹ́ náà ló pa wọ́n, orílẹ̀-èdè méjèèjì padà sí i. Mo sì sọ ti Kánò míì fún un, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, difitíríà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 2022 tó sì gba 2023 kan, Kánò ló mú jù, àrùn tó ń dí ọ̀fun ọmọ títí tí kò fi ní lè mí mọ́, àwọn tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọn ò gba àjẹsára pé.

Ṣùgbọ́n Màmá àgbà ló béèrè ìbéèrè tó dáa jù. "Àrùn márùn-ún nínú ìgò kan soso. Ta ló dán an wò?"

Mo ní Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń se àbùlà láti ọjọ́ pípẹ́, gbẹ̀gìrì lè dá dùn, ewédú lè dá dùn, tẹ́ ẹ bá wá da wọ́n pọ̀, ṣé ẹ máa ń gbé e fún àlejò láìtọ́ ọ wò? Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé gbẹ̀gìrì ti bo ewédú mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú abẹ́rẹ́ àpòpọ̀ nìyẹn gan-an: kí ọ̀kan má bo ìkejì mọ́lẹ̀ nínú ara ọmọ.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò nìyí (ẹ̀yin ni mò ń ka nọ́ńbà fún o, mi ò kà á fún Màmá). Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dán an wò lára àwọn díẹ̀ tí wọn ò rí aburú, wọ́n á kó àwọn ọmọ tí òbí wọn fọwọ́ sí i, wọ́n á pín wọn bí ẹni ń ṣẹ́ ìbò, apá kan gba èyí tí wọ́n pò pọ̀ nínú ìgò kan, apá kejì gba nǹkan kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tibí lápá ibí, tọ̀hún lápá ọ̀hún. Oṣù kan lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ń yẹ ẹ̀ wò ní láàbù ò ní mọ ọmọ tó gba èwo. Ohun tó ń wá ni antibody, àwọn ọmọ ogun tí ara ti tò sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojú ìlà tó gbọ́dọ̀ dé: difitíríà àti tẹ́tánọ́ọ̀sì, 0.1 IU (ìwọ̀n agbára antibody) nínú mílílítà kan, hẹpatáítìsì B, 10 mIU, Hib, 0.15 máíkírógírámù, tó bá fẹ́ kó pẹ́ lára, 1.0. Ikọ́ àhúbì nìkan ló ya olórí kunkun, kò tíì sí iye tí gbogbo àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí pé tó bá ti tó báyìí ọmọ ti bọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń fi wé èyí tó ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ẹ̀. Tí àwọn tó gba àpòpọ̀ bá wá ṣe kéré sí àwọn tó gbà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ju ààyè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, tó sábà máa ń jẹ́ 10 nínú 100, àpòpọ̀ yẹn ti já nìyẹn.

Mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn sì ti ń bá ara wọn gbé tipẹ́, difitíríà, ikọ́ àhúbì àti tẹ́tánọ́ọ̀sì, láti 1940s. Obìnrin méjì kan wà ní Grand Rapids ní Amẹ́ríkà, Pearl Kendrick àti Grace Eldering, ní 1930s tí owó ò sí nílùú, tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ọ̀sán wọ́n á tún máa lọ láti ilé dé ilé lálẹ́, wọ́n á gbé abọ́ láàbù síwájú ẹnu ọmọ tó ń wúkọ́ kó wúkọ́ sí i, àtùpà ni wọ́n fi ń ríran. Inú ìrìn yẹn ni abẹ́rẹ́ ikọ́ àhúbì wọn ti jáde, Kendrick sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Mo máa ń rántí wọn tí bàtà mi bá ti kún fún ẹrẹ̀ Òjé.

Àbúrò bàbá Àdùkẹ́ tó wà ní London náà wọlé lórí fóònù, wọ́n gbé e sí ohùn gbangba, ó ní kí wọ́n lọ ra olówó ńlá ní ọsibítù aládàáni, pé òun ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ àwọn, ara ọmọ kì í gbóná. Kò parọ́. Penta tiwa, odidi kòkòrò ikọ́ àhúbì tí wọ́n ti pa ló wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara fi ń bá a jà tagbára-tagbára. Èyí tí wọ́n ń tà yẹn, ègé kòkòrò péré ni wọ́n fi sí i, ibà ẹ̀ kéré, àmọ́ ààbò ẹ̀ lórí ikọ́ àhúbì náà máa ń tètè rẹ̀. Mo sì sọ fún un, lóhùn pẹ̀lẹ́ o, pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ àbùlà yìí: láti ìparí 1990s, Hib tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọdé ní ìlú ọba, ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé wọ́n lo àpòpọ̀ tó ní ègé kòkòrò ikọ́ àhúbì, tí Hib inú ẹ̀ ò jí ara tó, ní 2003 wọ́n ní láti tún ọmọ gún lábẹ́rẹ́ Hib kiri ìlú. Tí owó bá wà, kí wọ́n rà á, kò burú. Bàbá Àdùkẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan, ó dákẹ́.

Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àwọn ọmọ nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sí mi lọ́rùn. Mo ní tí wọ́n bá gún ọmọ tán, ìyá á jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n lè wò ó. Wọ́n á fún un ní tẹmọ́mítà, rúlà, àti ìwé kan tó máa kọ fún ọjọ́ méje: báwo ni ara ṣe gbóná tó, ó ké fún ìgbà wo, ṣé ó jẹun, wíwú ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mélòó. Wọ́n á tún máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ títí oṣù kan. Inú irú ìwé àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà tí àjọ ìlera àgbáyé ń kọ ti wá, pé ibà, wíwú àti kí ara ọmọ má lélẹ̀, ó ń ṣe ọmọ kan nínú méjì sí mẹ́wàá tó gba onódidi kòkòrò, ẹkún tí kò dá àti gìrì kò tó ọ̀kan nínú 100, kí ọmọ rọ jọ̀bọ̀ kò tó ọ̀kan nínú 1,000 sí 2,000. Ìyá Àdùkẹ́ tí kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀ bá gbójú sókè. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ẹ mọ̀ pé ó lè ké bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mo mọ̀.

"Mo bi yín, ẹ ní kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n lóru Ọjọ́rú, tí wọ́n fi ń wá àgbo kiri, ìyá míì ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún tó ti pẹ́, ó ti di nọ́ńbà, ó ti wà lórí mi, ìlà tó gùn ni mo fi pa á mọ́ ọn lára. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí ni o, mo bẹ̀ ẹ́. Màmá àgbà ní kí n dìde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá dábàá pé tí wọ́n bá gbà, a máa ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta bíi ti àwọn onídàánwò yẹn, èmi máa mú tẹmọ́mítà àti rúlà wá, Ìyá Àdùkẹ́ á máa kọ ọ́. Ẹkún wákàtí mẹ́rin kò sí nínú ohun tó ní kí ọmọ má gbà á mọ́. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ kọ̀ ọ́ kíákíá tí ọ̀fun wú tí èémí fẹ́ẹ́ dá ni, tàbí pé ọpọlọ ẹ̀ dàrú láàárín ọjọ́ méje, èmi gan-an ni mi ò ní gún un. Bàbá ọmọ béèrè pé tí nǹkan míì bá wà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹgbàágbèje ọmọ ló ń ṣe, ṣé ìdánwò yẹn lè rí i? Ìbéèrè ọkùnrin yẹn ò kéré. Mo ní kò lè rí i. Àjẹsára rotavirus (kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé) kan wà ní Amẹ́ríkà, RotaShield, wọ́n gbà á wọlé ní 1998, ní 1999 wọ́n kó o kúrò torí ó ń mú kí ìfun ọmọ ki bọ inú ara ẹ̀, bíi ọ̀kan nínú 10,000 ọmọ, ẹ̀yìn tó ti dọ́jà ló tó hàn kedere. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ọmọ tó ju 60,000 dán ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó tẹ̀lé e wò. Ohun tó kéré ju ohun tí ìdánwò lè rí lọ, fọ́ọ̀mù bíi tèyí tí mo kọ nípa Àdùkẹ́ ló máa ń rí i. Ó ní kí n jẹ́ kóun rí fọ́ọ̀mù náà. Mo fi ẹ̀dà ẹ̀ hàn án, ó kà á tán, ó tún àṣìṣe kan ṣe níbẹ̀, aago tí ẹkún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá pé, wọ́n gbé e wá, Màmá àgbà náà tẹ̀lé wọn. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, Penta lósì, PCV àti IPV ti rọpárọsẹ̀ lọ́tùn-ún, 2.5 cm láàárín méjèèjì, Màmá ní kí n fi rúlà wọ̀n ọ́n kí n tó gún un, mo sì wọ̀n ọ́n. (Àpòpọ̀ alárùn mẹ́fà tó ti kó rọpárọsẹ̀ mọ́ ọn ti wà báyìí, Senegal àti Mauritania ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2025, ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ kan á dín.) Wọ́n jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ìyá kọ̀ọ̀kan báyìí nígbà tí mo bá di ọmọ mú, ìlà ìbáà gùn dé títì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ni mo lọ gba ìwé. Ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ iléèwé ló kọ ọ́ sí. Ọjọ́ kìíní: "Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ 38.3. Ó ké ogún ìṣẹ́jú. Ó wú 2. Mo fún un ní oògùn." Ọjọ́ kejì: "37.6. Ó mu ọmú dáadáa. Màmá ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ò fi òrí pa á." Ọjọ́ kẹta: "37.0. Wíwú ẹ̀ 1." Ọjọ́ kẹrin: "Kò sí nǹkan. Mo kọ ọ́ torí ẹ ní kí n máa kọ." Ọjọ́ karùn-ún, ata ti ta sí i, mi ò rí i kà. Ọjọ́ kẹfà àti ìkeje, fàlà péré ló fà.

Mo gba tẹmọ́mítà mi. Rúlà ṣì wà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ilé kejì máa gba tiẹ̀ lọ́jọ́rú tó ń bọ̀.